Màdáàmù Ń Yẹ Ọwọ́ Wò

Ajé, 4 Oṣù Kẹsàn-án

Oṣù karùn-ún mi rèé nílé ìtọ́jú àwọn àgbà yìí. Ìwé tuntun ni mo bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ti tẹ́lẹ̀ ti kún, àròyé itan ló sì kún inú rẹ̀. Itan ọ̀tún, irin mẹ́ta. Mo ṣubú ní balùwẹ̀ ara mi, Àkọ́bí ọmọ mi obìnrin ní òun ò lè jẹ́ kí n máa dá gbé mọ́. Mi ò jiyàn. Agbẹ̀bí ni mí fún ọdún méjìdínlógójì, mo mọ ìgbà tí ara bá ní ó tó.

Kí n kọ nípa Màdáàmù. Ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́kàn mi.

Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, ogójì ọdún gbáko. Ó ti pé mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún báyìí, iyè rẹ̀ sì ti lọ. Ọmọkùnrin rẹ̀ wá lóṣù tó kọjá, ó bi í pé, ẹ jọ̀ọ́ sà, òbí ọmọ wo ni yín? Ọkùnrin náà lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó ń sunkún. Mo rí i lójú fèrèsé. Síbẹ̀, ní gbogbo àárọ̀ tí a bá ti jẹun tán, Màdáàmù á dìde sáàárín pálọ̀, á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì — pá, pá — "Ó yá, ẹ tò!" A ó sì tò. Èèyàn méjìlélógún, àwọn kan lórí àga yẹlò, àwọn kan lórí àga onítáyà. Ẹni tó jẹ́ adájọ́ rí wà níbẹ̀, ẹni tó ní ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́sàn-án rí wà níbẹ̀. A ó na ọwọ́ síwájú bí ọmọ kékeré, á máa yẹ èékánná wa wò lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ó mọ́." "Lọ gé e." Èmi, Tíṣà Kíláàsì Kejì ló ń pè mí. Inú mi ń dùn sí oyè yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

Lónìí ó dé ọ̀dọ̀ Baba Aláago. Ẹni tó ń tún aago ṣe ni, kí rọpárọsẹ̀ tó gba apá ọ̀tún rẹ̀ àti ahọ́n rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni" nìkan ló ṣẹ́kù sí i lẹ́nu. Ó fẹ́ omi, bẹ́ẹ̀ ni. Kò fẹ́ omi, bẹ́ẹ̀ ni. Màdáàmù ká apá súwẹ́tà rẹ̀ sókè, ó wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

"Ta ló so ọmọ yìí mọ́lẹ̀?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́rìn-ín, olùtọ́jú tó ń mójú tó ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ló rín in jù.

Ìṣẹ́gun, 5 Oṣù Kẹsàn-án

Mo jókòó ti Baba Aláago níbi oúnjẹ ọ̀sán. Mo wò.

Àmì wà. Ó yí ọrùn ọwọ́ òsì po, ó fẹ̀ tó ìka méjì, ó ti ń di àwọ̀ ewé gbígbẹ. Kì í ṣe okùn aago, kò wọ aago mọ́ láti ọjọ́ tó ti dé. Apá òsì sì ni — èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ta ni á so apá tó ti kú?

Mo ní bóyá ó há sára àga. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ó há sára àga.

Ọjọ́rú, 6 Oṣù Kẹsàn-án

Òjò. Itan ń dùn mí. Mi ò wo ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kẹsàn-án

Kí n ṣe òdodo fún Ẹlẹ́rìn-ín. Obìnrin bí ọmọ ogójì ọdún, ó mọ́ tónítóní, ẹ̀rín rẹ̀ á ti dé inú yàrá kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Òun ló ń fi òróró pa itan mi. Ó mọ ọjọ́ ìbí mi, ó mọ̀ pé mi ò fẹ́ràn ṣúgà. Bí ẹbí bá wá, gbogbo wọn ni yóò kí i, "Ẹ ṣeun o, ẹ ṣeun tí ẹ ń tọ́jú wọn." Èmi náà ti sọ fún Àkọ́bí pé bí mo bá ní owó, ǹ bá kọ́lé fún un.

Ṣùgbọ́n ife omi Baba Aláago, orí fèrèsé ló máa ń wà. Àga rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Mo ti kọjá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lónìí, orí fèrèsé náà ni. Omi tí èèyàn ń wò tí ọwọ́ rẹ̀ ò tó.

Nígbà kẹrin mo wọlé, mo gbé e fún un. Ó mu ún tán lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó ti aginjù bọ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni."

Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ń lọ sí pálọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin mi, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀. Mo dé iwájú balùwẹ̀ àwọn ọkùnrin. Omi ń dà. Ẹlẹ́rìn-ín ń kọrin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó dánu dúró. Mo gbọ́ ìró kan — ẹ̀ẹ̀kan péré — àtẹ́lẹwọ́ lára ẹran ara tó tutù. Lẹ́yìn náà, ohùn Baba Aláago: "Bẹ́ẹ̀ ni."

Lẹ́yìn náà, orin ń bá a lọ láti ibi tó dúró sí gan-an.

Ilẹ̀kùn wà ní títì. Ẹnikẹ́ni lè sọ pé aṣọ ìnura ni wọ́n fi na ògiri, tàbí pé ọṣẹ ló jábọ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mọ ìró yẹn. Mi ò ní kọ ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n.

Àìkú, 10 Oṣù Kẹsàn-án

Àkọ́bí wá, bó ṣe máa ń wá. Aago méjì sí aago mẹ́rin. Ó gé èékánná ẹsẹ̀ mi, ó ká aṣọ mi, ó ka ìwé ìròyìn fún mi. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti ìgbà ọmọdé rẹ̀ kọ́ — ọmọdé rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Mi ò mọ ìgbà tó yí padà. Iṣẹ́ ni, àbí ilé ọkọ.

Mi ò sọ nǹkan kan fún un. Ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe òun ló ń gbé ibí.

Ìṣẹ́gun, 12 Oṣù Kẹsàn-án

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àsìkò tíì. Mo ń ti yàrá mi bọ̀. Ilẹ̀kùn Baba Aláago ṣí díẹ̀. Mo rí i láti ẹ̀gbẹ́: wọ́n ti fi gèlè aláwọ̀ búlúù so ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ apá àga. Ẹlẹ́rìn-ín ń fi ṣíbí ti búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sínú tíì sí i lẹ́nu. Ó ń ti òmíràn kí ó tó gbé ti àkọ́kọ́ mì. Kò pariwo o. Ohùn rẹ̀ dùn bí ìgbà gbogbo: "Gbé e mì. Gbé e mì, olórí kunkun. Ṣé kí n máa wò ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú ni?" Baba pọ búrẹ́dì sí ara aṣọ. Ẹlẹ́rìn-ín gbé ọwọ́ sókè.

Àgbà ni mí. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà. Mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí òpó.

Màdáàmù ló kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Sílípáàsì rẹ̀ kan ti sọnù, bọ́tìnì aṣọ rẹ̀ kò wọ ibi tó yẹ kí ó wọ̀. Kò tilẹ̀ rí mi. Ó ti ilẹ̀kùn, ó pàtẹ́wọ́. Pá, pá.

"Gbé ọwọ́ yẹn sílẹ̀."

Mi ò gbọ́ ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Kò lọ sókè. Ńṣe ló lọ sísàlẹ̀. Ohùn tí ẹgbẹ̀rún ọmọ ti gbọ́ tí wọ́n sì ti dákẹ́.

"Dìde. Kọjú sí ògiri."

Kí ẹni tó bá ka ìwé yìí lẹ́yìn ikú mi má rò pé mo ń purọ́. Ẹlẹ́rìn-ín dìde. Obìnrin tó ga, tó ní agbára, tó lè fi ọwọ́ kan gbé Màdáàmù bí ẹni gbé ìrọ̀rí. Ó yípadà, ó kọjú sí ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Mo rí ọrùn rẹ̀ látẹ̀yìn, ọrùn ọmọ ọdún mẹ́jọ ni.

Màdáàmù bẹ̀rẹ̀ sí í tú gèlè. Ìka rẹ̀ ń gbọ̀n, ó tú u, ó há, ó tún un tú. Ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà tó tú u tán, ó ká gèlè náà sí mẹ́rin, ó gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ pa orí Baba Aláago. "A kì í so ọmọ mọ́lẹ̀ ní ilé-ìwé mi." Ó jáde.

Bí mo ṣe dúró níbẹ̀, ó rí bí ìgbà tí orí ọmọ bá kọ́kọ́ yọ — ohun tí mo ti rí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà tí kò tíì sú mi — tí èèyàn ò ní lè mí.

Ó bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ṣófo padà. "Tíṣà," ó ní, "ṣé wọ́n ti lu aago ìsinmi?"

Ọjọ́rú, 13 Oṣù Kẹsàn-án

Mi ò sùn dáadáa. Ó yẹ kí n kọ ọ́.

Ibi tí mo ti mọ ìró yẹn: ọwọ́ mi.

Bí obìnrin bá ń rọbí, tí ó ń pariwo, tí ó pa itan dé, tí kò ti ọmọ mọ́, a ó gbá a. Ní itan. Nígbà mìíràn, lójú. Ọ̀gá mi kọ́ mi, èmi náà kọ́ àwọn tó tẹ̀lé mi. A ní nítorí ọmọ ni. Nígbà mìíràn nítorí ọmọ ni lóòótọ́. Ìgbà mìíràn, ó rẹ̀ mí ni. Ìgbà mìíràn ó jẹ́ pé ó bú mi, tàbí pé aṣọ rẹ̀ dára jù. Ọmọ á wá ké, gbogbo wa á rẹ́rìn-ín, ìyá náà á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. "Ẹ ṣeun o, ẹ ṣeun tí ẹ tọ́jú mi." Ọ̀rọ̀ kan náà tí àwọn ẹbí ń sọ fún Ẹlẹ́rìn-ín.

Mo lè sọ ìwọ̀n ọmọ tí mo gbà ní ogún ọdún sẹ́yìn. Àwọn obìnrin tí mo gbá, mi ò rántí ojú ẹnì kan ṣoṣo.

Ẹni tó sọ òkò sọ́jà ni mí, mo sì wá jókòó sínú ọjà.

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kẹsàn-án

Mo lọ bá Ọ̀gá Ilé ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ọkùnrin onítáì, tábìlì rẹ̀ ń dán. Ó fún mi ní àga, ó fún mi ní omi. Mo sọ ti ọwọ́ tí wọ́n so, mo sọ ti ìgbátí, mo sọ ti ife omi. Ó ń mi orí. Ó ní, Mọ́mì, ara àgbà kì í pẹ́ dúdú, ẹ̀yin gan-an tí ẹ jẹ́ nọ́ọ̀sì mọ̀. Ó ní Màdáàmù ń ṣi èèyàn mú, ó ń da àwọn òṣìṣẹ́ láàmú, yóò ní kí dókítà wò ó. Ó ní Ẹlẹ́rìn-ín ni òṣìṣẹ́ tó dára jù nílé yìí, ṣé mi ò mọ̀ pé wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀yẹ?

Mo mọ̀. Ó wà lára ògiri lẹ́yìn orí rẹ̀.

Ó kí mi dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ má jẹ́ kí inú yín máa bàjẹ́, Mọ́mì." Bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Ẹtì, 15 Oṣù Kẹsàn-án

Ẹlẹ́rìn-ín ti gbọ́. Kò bá mi jà. Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ó ká okùn bẹ́ẹ̀lì tí mo fi ń pe olùtọ́jú, ó fi kọ́ ìṣó òkè. "Kó má baà há yín lọ́rùn, Mọ́mì." Mo fẹ́ tọ̀. Mo pariwo. Mo dúró. Itan tí wọ́n kàn nírin kì í dá dìde láti orí ìrọ̀gbọ̀kú. Aago mẹ́wàá sí aago kan ọ̀sán.

Mi ò ní kọ bó ṣe rí. Kí n kàn sọ pé mo mọ báyìí ohun tí omi orí fèrèsé jẹ́.

Yíyẹ ọwọ́ wò kò wáyé láàárọ̀ òní. A jẹun tán, a jókòó, àwa méjìlélógún, a ń retí àtẹ́wọ́ méjì. Àwọn kan ti na ọwọ́ sílẹ̀. Màdáàmù wà lórí àga igun ilé, orí rẹ̀ ti ṣubú sórí àyà, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Mo pè é. Mo gbọ̀n ọ́n léjìká. Mo gbé ìpéǹpéjú rẹ̀ sókè: ọmọlójú rẹ̀ ti kéré bí orí abẹ́rẹ́. Oorun kọ́ nìyẹn. Oògùn ni.

Àbámẹ́ta, 16 Oṣù Kẹsàn-án

Ó ṣì ń sùn. Ilé dákẹ́. N kò mọ̀ pé obìnrin kan ṣoṣo ló ń jẹ́ kí gbogbo wa jẹ́ èèyàn.

Àìkú, 17 Oṣù Kẹsàn-án

Mo sọ fún Àkọ́bí.

Mo ti múra fún ohun tí yóò sọ: ṣé ó dá yín lójú, Màámi? Ṣé kì í ṣe àlá? Mo ti kó ẹ̀rí jọ bí agbẹjọ́rò. N kò tíì sọ dé ìdajì tó fi ọwọ́ kan orúnkún mi.

"Mo gbà yín gbọ́."

Bẹ́ẹ̀ náà. Láìbéèrè. Ó yà mí lẹ́nu débi pé mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rí hàn án, ó ní, "Màámi, mo ní mo gbà yín gbọ́. Ọjọ́ wo ni, aago mélòó?" Mo fa ìwé yìí yọ láti inú àpò ìránṣọ mi. Ó ń ya ojú ewé rẹ̀ sínú fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dúró pẹ́ lórí ọ̀kan. Mo bi í pé ṣé ọwọ́ mi ò ṣe é kà ni. Ó ní ó ṣe é kà.

Ó dìde. Ó gbé okùn bẹ́ẹ̀lì kúrò lórí ìṣó, ó so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbi tí ọwọ́ mi á tó. Ó lọ gbé omi Baba Aláago wálẹ̀. Ó jókòó ti Màdáàmù, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fi ọwọ́ kejì tẹ ọmọkùnrin Màdáàmù láago, ó sì tẹ ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ìyà àgbà. Nọ́ńbà wọn wà lára ògiri ẹnu ọ̀nà láti ọjọ́ tí mo ti dé. Mo ti kọjá níwájú rẹ̀ ní igba ìgbà. Elégùn-ún ló ń ṣe lákáǹláká tọ alábẹ lọ, èmi tí ẹ̀gún gún, iwájú alábẹ ni mo kàn ń kọjá.

Ọmọ Màdáàmù dé kí aago mẹ́rin tó lù, ó gbé ìyá rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn.

Ìṣẹ́gun, 19 Oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n dé! Aago méje àbọ̀ àárọ̀, wọn ò kéde. Ọkùnrin kan, obìnrin kan. Obìnrin náà kúkurú, fáìlì rẹ̀ ga ju orí rẹ̀ lọ — Onífáìlì ni mo ń pè é. Wọ́n lọ tààrà sí balùwẹ̀. Wọ́n gba ìwé oògùn. Orúkọ oògùn oorun tí dókítà kankan ò kọ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ìdajì rẹ̀ ti tán.

Baba Aláago ló yẹ kí n kọ. Onífáìlì bi í pé, ṣé ẹnì kan ń ṣe yín níkà níbí, Bàbá? "Bẹ́ẹ̀ ni." Ọ̀gá Ilé yára wọlé: bẹ́ẹ̀ ni lọ́rọ̀ tí wọ́n ní, mà, ohunkóhun tí ẹ bá bi wọ́n. Ẹ bi wọ́n bóyá ẹyẹ ni wọ́n. Onífáìlì wo Baba. Baba wo Onífáìlì. Ó na ọwọ́ òsì, ó fa ìborùn kúrò lọ́rùn obìnrin náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọwọ́ tó ti ń gbé ìṣó aago tí ojú ò lè rí. Ó tẹ́ ẹ sórí apá àga. Ó gbé ọrùn ọwọ́ lé e. Ó fi eyín fa etí kan, ó fi ìka fa ìkejì, ó so ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbé ojú sókè. Ó fi ìka tó kù ní òmìnira lu igi àga: ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì. A ń kà á. Ó dé mọ́kànlélógún kó tó dúró.

Ó ń ka ọjọ́. Kò lè sọ "rárá", ṣùgbọ́n ó ń ka ọjọ́.

Ọkùnrin ọ́fíìsì yọ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún, kò wọ̀ ọ́ padà.

Ọ̀sán ni wọ́n pe èmi. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Onífáìlì ń kọ. Ó dé orí ọjọ́ kẹsàn-án, ó ní, "Mà, ilẹ̀kùn wà ní títì. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ìgbátí ni?"

Mo lè ní mo gbọ́ igbe. Mo lè ní mo fura.

Mo ní, "Torí èmi náà ti gbá èèyàn bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn tó ń rọbí. Lọ́pọ̀lọpọ̀ ọdún."

Bírò rẹ̀ dúró. Lẹ́yìn náà ó ń lọ.

Ọjọ́bọ̀, 21 Oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n ti dá Ẹlẹ́rìn-ín dúró. Ẹjọ́ ń bọ̀. Ọ̀gá Ilé náà, wọ́n ní kó lọ jókòó sílé ná. Mo rí Ẹlẹ́rìn-ín nígbà tó ń jáde, báàgì kan lọ́wọ́. Kò rẹ́rìn-ín. Mo rò pé inú mi á dùn. Mo kàn ń wò ó ni, bí ẹni wo dígí.

Àìkú, 24 Oṣù Kẹsàn-án

Àkọ́bí kò wá. Ó tẹ̀ mí láago, ó ní iṣẹ́ wà.

Kò sí Àìkú kan tí iṣẹ́ ti wà rí.

Ìṣẹ́gun, 26 Oṣù Kẹsàn-án

Màdáàmù padà dé! Ọmọ rẹ̀ fẹ́ mú un lọ sílé, Màdáàmù kọ̀, ó ní òun ò lè fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní àárín tẹ́ẹ̀mù. Ó rù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là. Lẹ́yìn oúnjẹ, pá, pá. "Ẹ tò!" Adájọ́ wa sunkún. Ọlọ́kọ̀ akẹ́rù sunkún. Màdáàmù ní, ta ló lu àwọn ọmọ yìí?

Ní ìrọ̀lẹ́ mo jókòó tì í lábẹ́ igi àgbàlá, mo sọ fún un, gbogbo rẹ̀ pátá: gèlè, ògiri, ohun tó ṣe. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó ní, "Obìnrin yẹn gbójú o." Mo ní ẹ̀yin ni, mà. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ gbá mi léjìká. "Èmi kọ́. Èmi, ẹ̀rù èèyàn ń bà mí." Ó ní bí mo bá tún rí obìnrin náà, kí n bá òun kí i.

Mo ní màá kí i. Mo ti fojú rí àwọn ènìyàn ńlá, àwọn tí wọ́n ń sọ ojú pópó lórúkọ wọn. Gbogbo wọn mọ̀ pé àwọn tóbi.

Àìkú, 1 Oṣù Kẹwàá

Àkọ́bí wá. Aago méjì. Kò mú ìwé ìròyìn wá. Ó jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kò bọ́ bàtà.

Ó ní, "Màámi, ojú ewé kan wà nínú ìwé yín tí mo kà. Ẹ ní ẹ ò rántí ojú ìkankan nínú wọn."

Mo ní òótọ́ ni, mo ti gbìyànjú.

Ó ní, "Ojú tèmi ńkọ́?"

Kò yé mi. Mo wò ó. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ìgbà tó fẹ́ bí àkọ́bí tirẹ̀ ni. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Ó ní òun kọ̀ láti lọ bí sí ibòmíràn, tèmi ni òun fẹ́. Ó ní ilẹ̀ ti mọ́, ó ti rẹ òun, òun ń pè mí, "Màámi, Màámi," ní iwájú àwọn nọ́ọ̀sì mi. Ó ní mo ní kí òun yé dójú tì mí. Mo gbá òun ní itan. Òun tún pè mí. Mo gbá òun lójú. Ọmọ jáde. Mo gbé e sókè, mo ń kọrin, mo ń jó yí yàrá ká.

Orin yẹn, mo rántí. Ìwọ̀n ọmọ, mo rántí — kílò mẹ́ta àti díẹ̀. Mo wá inú orí mi kiri títí, bí ẹni ń wá nǹkan nínú ilé tó ti jóná. Mi ò rí i. Ìwọ̀n ọmọ nìkan ni mo rí.

Mo ní, kí ló dé tí o fi ń wá? Gbogbo ọdún yìí. Nílé mi, níbí. Kí ló dé tí o fi ń gé èékánná mi?

Ó ní, "Lẹ́yìn ọmọ, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Ẹ ò rántí ìyẹn náà? Ẹ fi ọwọ́ di ilé ọmọ mi mú, ẹ ò gbé ọwọ́ yẹn kúrò títí dókítà fi dé. Wákàtí méjì. Apá yín wú fún ọ̀sẹ̀ kan." Ó ní, "Ọwọ́ kan náà ni, Màámi. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ yà á sí méjì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wá."

Mo fẹ́ kúnlẹ̀ fún un. Itan ò gbà. Mo di ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin mú, mo tẹ̀ débi tí irin jẹ́ kí n tẹ̀ dé, mo ní, "Ọmọ mi, má bínú. Mo lù ọ́, mo sì gbàgbé." Mo dúró síbẹ̀. Kò ní kí n dìde. Ó jẹ́ kí n wà bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó sì tọ́ sí mi.

Lẹ́yìn náà ó fà mí jókòó. Ó ní òun ò tíì lè sọ pé ó ti tán. Mo ní kó má sọ ọ́.

A jókòó. Aago mẹ́rin lù, ó kọjá. Aago márùn-ún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ — nípa ọ́fíìsì rẹ̀, nípa ọkọ rẹ̀ tó ń hanrun, nípa bó ṣe jẹ́ pé láti ọjọ́ yẹn, bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ jáde lẹ́nu òun lọ́dọ̀ mi, òun á gbé e mì. Ó ń sọ, ó ń sọ. Mi ò dá a lẹ́nu. Ilẹ̀ ṣú bá a níbi tó ti ń sọ̀rọ̀.